Ẹnu dùn-ún ròfọ́: ta ló máa ra pátákó robot yìí?

 

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe robot ń sọ pé àwọn fẹ́ máa ṣe motor driver alágbára níbí, ká yéé dúró de ti Ṣáínà. Èrò rere ni. Ìbéèrè tèmi ni pé: èèyàn mélòó ló máa fowó rà á?

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, pátákó yìí ló ń gba àṣẹ lẹ́nu kọ̀ǹpútà kékeré inú robot, tó sì ń tú iná bátìrì sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì tó ń yí táyà. L298N tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ampere 2 péré ló wà fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn tó fún ọkọ̀ ìṣeré. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ watt 250 lórí bátìrì volt 24 ń fa ju ampere 10 lọ. Tí táyà bá há sínú iyanrìn, ó tún lé sí i. Bí iná bá di ìlọ́po 2, ooru á di ìlọ́po 4. Èéfín ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

A lè ṣe é. Ní 2013, ní Lomé, Afate Gnikou fi àjákù kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D. Ní Ouando tiwa níbí, Songhaï tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 ń rọ ẹ̀rọ oko fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ oníbàárà ló kù.

Tẹ́ ẹ bá bi èèyàn pé "Ṣé o fẹ́ ẹ?", á ní bẹ́ẹ̀ ni. "Bẹ́ẹ̀ ni" kò ná ẹnikẹ́ni ní sẹ́fà kan. Àmọ́ ọmọ tó bá tìtorí rẹ̀ ṣe igba pátákó, ó lè jẹ́ owó àjọ ìyá rẹ̀ ló máa há sínú páálí.

Ẹ má wá oníbàárà láàárín àwọn ọmọ robot nìkan. Ẹ lọ bá ìdílé tó ní aláàbọ̀ ara, alágbẹ̀dẹ tó ń ṣe ẹ̀rọ gàrí, ẹni tó ń ti ọmọlanke lọ sọ́jà. Ẹ má ka alùpùpù oníná mọ́ ọn o: ẹ́ńjìnnì tiwọn máa ń gba okùn iná 3, pátákó yìí ò lè yí i. Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bi wọ́n: Bátìrì volt mélòó lẹ ní? Ẹrù wo ló fẹ́ gbé? Èló lẹ ná nígbà tí èyí tẹ́ ẹ ń lò bà jẹ́?

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe é bí àjọ. Kí ẹni tó fẹ́ ẹ san ìdá mẹ́rin owó rẹ̀, kí àgbà kan tí gbogbo yín fọkàn tán tọ́jú ẹ̀. Tí orúkọ 30 bá pé, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí kò bá pé, ẹ dá owó olówó padà, kò sí gbèsè, kò sí ìjà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti ṣe tán láti san tiẹ̀? Ẹ sọ fún wa, pẹ̀lú volt yín.