Ta Ní Ń Ra Ẹ̀rọ Ìlọta Nítorí Ọbẹ̀?

Mo ya ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan l'Ọ̀kà lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n wá fẹ́ máa kan àga lẹ́yìnkùlé. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ rà? Ẹ̀rọ ayùn orí tábìlì, 1,800 wáàtì! Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò tó 1,000, wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Ayùn náà kùn hùn-ùn, kò tíì yí délẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ fi wúkọ́, ó bá kú. Mo ní fún wọn pé: ẹ gbọ́ ná, ta ní ń torí pé ó fẹ́ se ọbẹ̀ lọ ra ẹ̀rọ ìlọta? Ìkòkò là ń rà, a ó gbé ata lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lọ̀ ọ́. Sọ́míìlì wà n'Íkàrẹ́, wọn yóò la pákó arère fún yín lójú yín. Ohun tí wọn kì í bá yín ṣe ni kí pákó gbẹ, kó sì dán: ó máa ń tutù, ara rẹ̀ a sì rí ṣákaṣàka. Ìfági ni kí ẹ fowó rà, pẹ̀lú dírìlì 500 wáàtì, kí ẹ sì to pákó sábẹ́ páànù, kí atẹ́gùn ráyè kọjá láàárín rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti gbọ́. Nígbà tí mo fi máa kúrò níbẹ̀, ìyàwó wọn ti sá ata sórí tábìlì ayùn náà.