Ẹ̀rọ Orin Olówó Gọbọi: Kí Ni Owó Náà Ń Rà?

Nígbà tí Sony gbé Walkman àkọ́kọ́ jáde ní 1979, orin di ohun tí èèyàn lè gbé sápò, kó sì dá gbọ́ láìdí ará ilé lọ́wọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ni nígbà yẹn. Lónìí, fóònù ti gba iṣẹ́ náà, débi pé Apple dáwọ́ iPod dúró ní 2022. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju orin lọ kò kú. Ńṣe ló di ẹrù ọlọ́lá. Ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Plateau, ní Abidjan, lè ti máa tọ́jú owó nítorí ẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó ń tajà ní Adjamé tó gbọ́ iye tó jẹ́.

Iye náà rèé. FiiO, ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣáínà, ta JM21 ní nǹkan bí $200 nígbà tó kọ́kọ́ jáde. NW-A306 ti Sony tó nǹkan bí $350 nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Àwọn àgbà ńkọ́? NW-WM1ZM2 ti Sony àti SP3000 ti Astell&Kern, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Kòríà, jáde ní 2022 ní nǹkan bí $3,700 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ju 2,000,000 sẹ́fà lọ, láìtíì ka owó ẹrù àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ní Côte d'Ivoire láti 2023 jẹ́ 75,000 sẹ́fà. Ẹni tó ń gba iye yẹn á ṣiṣẹ́ ju ọdún méjì lọ, láìjẹ láìmu, kó tó lè ra ọ̀kan.

Kí wá ni ẹ̀rọ $3,700 ń ṣe tí ti $200 kò lè ṣe? Nọ́ńbà ló wà nínú fáìlì orin. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni pé kó sọ nọ́ńbà yẹn di iná mànàmáná, kó fún iná náà lágbára, kí íápíìsì sì sọ ọ́ di ohùn. JM21 ń ṣe é, fóònù náà ń ṣe é. Ẹ̀rọ olówó ńlá ní agbára sí i fún íápíìsì ńlá tó ń bo etí, ariwo abẹ́lẹ̀ rẹ̀ kéré, ara rẹ̀ sì dùn ún wò. Bàbà tí wọ́n fi wúrà bò ni ara WM1ZM2, ó sì wúwo tó 490 gíráàmù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kílò. Álúmínọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe àbúrò rẹ̀, WM1AM2. 299 gíráàmù ni, owó rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí $1,400 nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Irú fáìlì orin tí ẹ̀gbọ́n lè kọ náà ni àbúrò lè kọ. Ara ẹ̀rọ wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ owó tó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí owó kò lè rà. Bí ẹni tó ra ẹ̀rọ bá ń fi Bluetooth gbọ́ orin, inú íápíìsì rẹ̀ ni nọ́ńbà ti ń di ohùn. Apá tó wọ́n jù nínú ẹ̀rọ rẹ̀ jókòó lásán nìyẹn. Bó bá wà nínú gbaka, ọkọ̀ èrò tí ariwo ẹ́ńjìnnì àti ti ọmọ ọkọ̀ kì í dá nínú rẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́ tó tìtorí rẹ̀ náwó kò ní dé etí rẹ̀. Ní ti fáìlì tí wọ́n ń polówó pé ó ju CD lọ, CD lásán ti gbé ohùn títí dé nǹkan bí 20,000 Hz, ibẹ̀ sì ni etí ọmọ èèyàn ń parí sí.

Nítorí náà, ètò ìnáwó tó bọ́gbọ́n mu rọrùn. Íápíìsì ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí, èyí tó dí ihò etí dáadáa tí kò jẹ́ kí ariwo ìta wọlé. Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ dáadáa ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ló kẹ́yìn. Ó ní àǹfààní tirẹ̀ o: ó ń gba mẹ́mọ́rì káàdì, kì í jẹ dátà bí orin bá ti wà lórí káàdì, kò sì ní tán bátìrì fóònù. A306 lè kọrin fún nǹkan bíi wákàtí 36 kí bátìrì rẹ̀ tó kú. SP3000 kò ju nǹkan bíi wákàtí 10 lọ. Níbi tí iná ti ń ṣe ségesège, ìyẹn ṣe pàtàkì ju wúrà lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ méjì wé ara wọn, kó mú íápíìsì tirẹ̀ dání, kó sì yan orin tó mọ̀ dénú, ìbáà jẹ́ Ziboté ti Ernesto Djédjé tàbí àpàlà Haruna Ishola. Kó rí i pé ohùn àwọn méjèèjì ròkè dọ́gba, torí èyí tó fi díẹ̀ ròkè ló máa ń dà bí ẹni pé ó dára jù, ọgbọ́n yẹn sì ti ta ọjà púpọ̀. Kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ wọn fún un kó má ṣe rí i. Bí kò bá lè dá wọn mọ̀, kó ra èyí tó dínwó.

Etí sì lóhun tí kò ṣeé rà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn tó wà ní 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Fún ọmọdé, 75 dB ni. Ẹ̀rọ tó lágbára lè kọjá ìyẹn fíìfíì, etí tó bá sì ti bàjẹ́ kò mọ ẹ̀rọ olówó ńlá yàtọ̀ sí rédíò àlòkù.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ọmọ Yorùbá ìlú Abidjan, pàápàá àwọn ará Èjìgbò tí ilé wọn àti Côte d'Ivoire ti di ọ̀kan tipẹ́. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ṣì ní àpótí kásẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ibùsùn: sákárà, àpàlà, ewì, nígbà míì ohùn ìyá tó ti kú, tí wọ́n gbà sílẹ̀ fi ránṣẹ́ láti ilé. Ọ̀rinrin ọ̀sà ń jẹ wọ́n lójoojúmọ́. Díẹ̀ nínú owó ẹ̀rọ ńlá náà tó láti gbé ohùn wọn bọ́ sínú kọ̀ǹpútà àti mẹ́mọ́rì káàdì méjì, ọ̀kan fún Abidjan, ọ̀kan fún Èjìgbò. Ẹ̀rọ tuntun á tún jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí èébú bá ti bò, kò sí ẹ̀rọ $3,700 tó lè mú un kọrin mọ́.