Ẹ Má Fi Oríkì Bo Ìtàn Mọ́lẹ̀

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìtàn ẹbí wa jọ láti fi ṣe ìwé, inú gbogbo àgbà ilé wa ní Ponyan ló dùn. Wọ́n ki oríkì fún mi, wọ́n ka orúkọ ọdẹ àti olóyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ọmọbìnrin tí a fà lé àwọn Núpé lọ́wọ́, ilé pa lọ́lọ́. Bàbá àgbà ní: “Ọmọ mi, má kọ ìyẹn. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.”

Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá, ṣùgbọ́n n kò gbà. Gbogbo ilẹ̀ Òkun ló mọ̀ pé láyé ogun Núpé, Bídà ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wa. Tí owó ẹyọ kò bá tó, èèyàn ni wọ́n fi ń dí i. Ọdún 1897 ni Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà. Mo mọ̀ pé ẹni tí a fipá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ̀bi tó ẹni tó gbé ogun wá. Síbẹ̀, ẹnì kan nínú ilé wa ló yan ọmọ tí yóò lọ. Kí ló dé tí kì í ṣe ọmọ olóyè?

Àwọn kan ní kí n yí orúkọ padà. Ìyẹn kò burú. Wọlé Ṣóyínká ṣí àpótí páànù bàbá rẹ̀, ó sì kọ ìwé Ìsarà, tó jáde ní 1989. Ó sọ fún òǹkàwé pé òun yí orúkọ padà. Èyí kì í ṣe irọ́. Irọ́ ni kí a yọ ọmọ náà kúrò, kí a wá fi ọdẹ mìíràn dí àyè rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé ẹbí, bí olóyè nìkan ló kún inú rẹ̀, ta ló ń roko? Ta ni wọ́n kó lẹ́rú?

Ìyá àgbà nìkan ló dá mi lóhùn, nídìí ààrò, nígbà tí àwọn yòókù ti sùn. Ó ní ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú ni, kò sẹ́ni tí yóò jà fún un. Ó dárúkọ rẹ̀ fún mi.

N ó yí orúkọ àwọn tó yàn án padà, nítorí àwọn ọmọ wọn. Tirẹ̀ kò ní yí. Ojú ìwé kìn-ín-ní ni yóò wà, ọwọ́ ọ̀tún ni n ó sì fi kọ ọ́.