Dubai Ò Gba Owó Orí, Ìfẹ̀yìntì Wá Ńkọ́?

Kò sí owó orí lórí owó oṣù ní Dubai. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Qatar àti Kuwait. Abájọ tí àwọn nọ́ọ̀sì, tíṣà àti ẹnjiníà tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tí àwọn ọmọ Yorùbá tó ti gbàwé ìlú náà sì wà nínú wọn, fi ń di ẹrù lọ síbẹ̀. Àmọ́ Amẹ́ríkà kì í gbàgbé ọmọ rẹ̀: ibi yòówù kó ti ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ jíhìn owó tó wọlé fún un lọ́dọọdún fún IRS, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí Amẹ́ríkà.

Fọ́ọ̀mù 2555 ló máa ń gbà wọ́n. Ẹni tó bá lo ọjọ́ 330 lókè òkun láàárín oṣù 12 lè fi í yọ owó iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lábẹ́ owó orí Amẹ́ríkà, tó fi dé $130,000 lọ́dún 2025. Nọ́ọ̀sì tó ń gba $90,000 lọ́dún ní Dubai lè má san sẹ́ǹtì kan lórí owó oṣù náà níbì kankan.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Roth IRA, ọ̀kan lára àwọn àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tí èèyàn ń dá owó sí fúnra rẹ̀, yẹ jù. IRA àtijọ́ máa ń dín owó orí tòní kù, a ó sì san án nígbà tí a bá ń kówó jáde lọ́jọ́ ogbó. Kí ni ẹ̀dínwó yẹn fẹ́ ṣe fún ẹni tí kò jẹ owó orí kankan? Ní ti Roth, èrè orí owó náà di ti onítọ̀hún pátápátá tó bá ti lé ní ọdún 59 àti ààbọ̀, tí àkáǹtì náà sì ti pé ọdún 5.

Ibẹ̀ gan-an ni òfin ti dínà. Owó iṣẹ́ tí owó orí kàn nìkan ló ń fún èèyàn láṣẹ láti dá owó sínú IRA. Nọ́ọ̀sì tó ti yọ $90,000 rẹ̀ kúrò kò ní nǹkan kan mọ́ lójú òfin. Bó bá fi $7,000 sínú Roth, IRS á máa bu 6% lé e lórí lọ́dọọdún, ìyẹn $420, títí tí yóò fi kó o kúrò.

Ti sójà kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ojú ogun kò ní owó orí, síbẹ̀ òfin tí Ààrẹ George W. Bush buwọ́ lù lóṣù Karùn-ún ọdún 2006 gbà á láyè láti dá a sínú IRA. Ó tọ́ sí àwọn sójà. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ aláìsàn lóru nílẹ̀ àjèjì náà yóò darúgbó, kò sì yẹ kí òfin ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè rọ́nà lọ. Owó orí tó ń san fún ìjọba ibẹ̀ lè tó èyí tí Amẹ́ríkà ń béèrè, kó wá fi fọ́ọ̀mù 1116 yọ ọ́ nínú gbèsè rẹ̀, kí owó oṣù rẹ̀ sì ṣì kà fún IRA. Àmọ́ ẹni tó bá kọ fọ́ọ̀mù 2555 sílẹ̀ kò ní lè padà sídìí rẹ̀ fún ọdún 5, àfi tí IRS bá yọ̀ǹda.

Ará Dubai tó fi 401(k), ìyẹn àkáǹtì ìfẹ̀yìntì ibi iṣẹ́, sílẹ̀ níbi iṣẹ́ àtijọ́ ní Houston náà ní ọ̀nà kan. Ó lè máa ṣí i lọ sínú Roth díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá ní ọkọ tàbí aya, tí owó mìíràn tí owó orí Amẹ́ríkà kàn kò sì wọlé fún un, $15,750 àkọ́kọ́ tó bá ṣí lọ́dún 2025 kò ní owó orí ìjọba àpapọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi owó tí kò kà sínú Roth, ẹ tètè kó òun àti èrè rẹ̀ jáde kí ọjọ́ ìfìwé owó orí ọdún náà sílẹ̀ tó kọjá. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, 6% yẹn kò ní kàn yín.