Bí Ilé Iṣẹ́ Bá Wọ Oko, Ta Ni Yóò Ka Ẹ̀gẹ́ Ìyàwó?

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti abiyamọ wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọkùnrin létí yín, ṣùgbọ́n inú ìkòkò ọbẹ̀ wa ni í parí sí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko ni.

Ìdàgbàsókè dára, kò sí ìyá tí kò fẹ́ kí ọmọ òun ríṣẹ́ ṣe nítòsí ilé. Ní Òṣogbo, ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ irin sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ilé iṣẹ́ ìwakùsà Sẹ̀gilọlá rọ wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù keje ọdún 2021. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kì í jókòó sí ojú òfuurufú. Ilẹ̀ ni í jókòó lé, ilẹ̀ kò sì sábà wà láìní ẹni tí ń jẹun lórí rẹ̀.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ìtọ́jú gómìnà. Bí ó bá fẹ́ ilẹ̀ fún ànfàní gbogbo ènìyàn, tàbí fún ìwakùsà, ó lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó, kí ó sì san owó gbà-má-bìínú. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí òfin fi ń ṣírò owó náà: ilé àti ohun ọ̀gbìn. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kìkì owó ilẹ̀ tí a san lọ́dún náà, bí a bá san án, ni a óò rí gbà. Apá 47 òfin náà kò sì gba kóòtù láyè láti wádìí bóyá owó náà tó. Nítorí náà, ọjọ́ tí a ń ka igi ni ọjọ́ ẹjọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti kan ìyàwó. Lọ́pọ̀ oko wa, ọkọ ló ni kòkó, ìyàwó ló ni ẹ̀gẹ́ àti ata tí ń bẹ láàárín rẹ̀. Bí a bá kọ orúkọ baálé nìkan, làálàá ìyàwó ti wọ orúkọ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa kì í jẹ́ kí ìyàwó jogún ilẹ̀ ọkọ. Àwọn ọmọ ni í jogún rẹ̀.

Kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbìn, ọdún tí ẹ gbìn ín, àti àwọn tí ẹ jọ pààlà. Ẹ jẹ́ kí baálé yín mọ̀ sí i, kí ó má baà rò pé ẹ ń ṣọ́ òun. Ní ọjọ́ kíkà, ẹ wà lóko, kí a kọ tiyín sí orúkọ yín. Ẹ má tẹ̀ka sí ìwé tí a kò kà sí yín létí, kí ẹ sì gba ẹ̀dà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwakùsà ni, òfin ọdún 2007 ní kí ilé iṣẹ́ bá ìlú ṣe àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí ó kan ẹ̀kọ́, ìkọ́ṣẹ́ àti ìrànwọ́ òwò. Ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin nìkan jókòó síbẹ̀.

Ní Singur, ní ilẹ̀ Bengal ní Íńdíà, ìjọba gba nǹkan bí 1,000 éékà ní ọdún 2006 fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Àwọn àgbẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, tọkùnrin tobìnrin. Ilé iṣẹ́ náà kó lọ ní 2008, kóòtù tó ga jù sì dá ilẹ̀ padà fún wọn ní 2016. Ṣùgbọ́n kọnkéré ti wọ inú ilẹ̀ ìrẹsì wọn. Ẹ̀tọ́ tí a bá gbà lẹ́yìn tí katakata ti kọjá, àbọ̀ ni.

Bí owó náà bá sì wọlé, ẹ rántí pé ọdọọdún ni kòkó ń so, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni gbà-má-bìínú ń wá. Ẹni tí ó fi ra aṣọ ẹgbẹ́ ti jẹ èso, ó sì ti jẹ igi. Ẹ fi ra oko mìíràn, tàbí kí ẹ fi kọ́ṣẹ́, kí ẹ fi ṣòwò.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí Olúwa bá wa wo àwọn ọmọ wa.