Nípa Gbàǹjo, àti Àwọn Tí Ń Fi Owó Lé Owó

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ jẹ́ kí a bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan lórí gbàǹjo, nítorí ohun tí ojú wa rí kò jẹ́ kí a lè dákẹ́.

Kò tí ì pẹ́ púpọ̀ tí a lu ilé ẹbí kan ní gbàǹjo ní àdúgbò Ẹnu Ọwá wa yìí. Ilé-ẹjọ́ ni ó pàṣẹ títà rẹ̀, nítorí kò sí bí a ti ṣe lè pín yàrá mẹ́fà fún ọmọ mọ́kànlá. Àwa pẹ̀lú wà níbẹ̀. Oníṣòwò kan láti Ìdúmọ̀tà ni ó kọ́kọ́ ké iye tí ó ní láárí. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ bàbá kan náà méjì, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti ké, àbúrò a fi lé e. Bí àbúrò bá ti fi lé e, ẹ̀gbọ́n a tún dìde dúró. Oníṣòwò Ìdúmọ̀tà ti dákẹ́ ní tirẹ̀, ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀. Nígbà tí agogo dún, àbúrò ni ó borí, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Owó àsansílẹ̀ tí ó kà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, owó àjọ ẹgbẹ́ ni. Nígbà tí ọjọ́ pé, kò rí ìyókù san. Owó àsansílẹ̀ wọmi. A tún ilé náà lù ní gbàǹjo, oníṣòwò Ìdúmọ̀tà sì rà á ní iye tí ó kéré sí èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ ké. Nígbà tí a bi àbúrò yìí léèrè ohun tí ó sún un dé ibẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ilé náà gan-an kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Bùrọ̀dá mi ni n kò fẹ́ kí ó gbà á.”

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó nìkan ni irú èyí í ṣe. Ní ọdún 2001, nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ fẹ́ ta ìpín 51 nínú ọgọ́rùn-ún NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, Investors International London Limited ni ó borí pẹ̀lú $1.317 bílíọ̀nù. Wọ́n san ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀, wọn kò rí ìyókù san, owó tí ó lé ní $131 mílíọ̀nù sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní ọdún 2010 ẹgbẹ́ mìíràn, New Generation, dá $2.5 bílíọ̀nù lé e. Ẹni tí ó tẹ̀lé wọn kò dá ju $956 mílíọ̀nù lọ. Ẹ wo àlàfo! Àwọn náà kò rí i san. NITEL ń jẹrà lọ ní gbogbo àkókò yìí, títí a fi gbé e fún NATCOM ní 2015 ní nǹkan bí $252 mílíọ̀nù.

Síbẹ̀ ọ̀wọ́n nìkan kọ́ ni ẹ̀bi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001 kan náà, a lu ìwé àṣẹ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká ní gbàǹjo ní Àbújá, iye rẹ̀ sì gòkè dé $285 mílíọ̀nù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. MTN àti Econet san tiwọn. MTN wà títí di òní, Econet sì ti pa orúkọ dà títí ó fi di Airtel. Ẹni kẹta, CIL, kò san tán ní ọjọ́ tí a dá. Ó ní àwíjàre tirẹ̀, ṣùgbọ́n $20 mílíọ̀nù àsansílẹ̀ rẹ̀ lọ. Iye kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù lọ ni inú eré káàdì tí a ń pè ní bridge, èyí tí Harold Vanderbilt ará Amẹ́ríkà tún ìṣirò rẹ̀ tò ní 1925. Kí àwọn àgbà ìjọ má ṣe bínú sí wa. Kì í ṣe tẹ́tẹ́ ni a fẹ́ kọ́ ọmọ wọn. Ènìyàn mẹ́rin ní í ta á, méjì kojú méjì, káàdì 13 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí káàdì kankan tó bọ́ sílẹ̀, gbàǹjo ni a ó kọ́kọ́ ṣe: olúkúlùkù yóò ké iye ìgbà tí òun àti ẹnì kejì òun yóò borí nínú 13. Ìhà tí ó bá ké jù ni ó ni eré náà. Bí wọn kò bá mú ìlérí ṣẹ, ìtanràn ni. Ipò méjì ni ìhà kan sì lè wà, fúfúyẹ́ tàbí wíwúwo. Ẹni tí ipò rẹ̀ wúwo ni èrè àti ìtanràn rẹ̀ ga jù.

Ẹ jẹ́ kí a wí pé àwọn ọ̀tá, tí ipò wọn wúwo, ti ké 10 pẹ̀lú sípéèdì, tí ó sì dá yín lójú pé wọn yóò mú un ṣẹ. Àmì 620 ni wọn yóò gbà. Ẹ lè mọ̀ọ́mọ̀ ké 11 pẹ̀lú háàtì láti dí wọn lọ́nà, bí ẹ tilẹ̀ mọ̀ pé 8 ni agbára yín mọ. Wọn yóò sọ ìtanràn yín di púpọ̀. Bí ipò yín bá fúyẹ́, 500 ni ẹ ó san, ẹ sì jèrè 120. Bí ó bá wúwo, 800 ni, ẹ pàdánù 180. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn ọ̀tá kò lè mú 10 wọn ṣẹ rárá, a jẹ́ pé ẹ ti sanwó níbi tí àwọn ìbá ti sanwó fún yín.

Nítorí náà, a kò bá àbúrò yẹn wí pé ó fẹ́ dí ẹlòmíràn lọ́nà. Ohun tí a bá a wí sí ni pé kò ṣírò, àti pé kò mọ ìhà tí ó jókòó sí. Ọ̀tá rẹ̀ ni ọkùnrin tí ń nu gíláàsì. Ẹni tí ó ń bá jà ni ẹnì kejì rẹ̀. Àwọn atabridge kò gbọdọ̀ bá ẹnì kejì wọn sọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn ju bí wọ́n ti ké e lọ. Òfin wo ni ó de ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá lẹ́nu ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú gbàǹjo?

Kí ẹbí fi owó jọ ní gbangba, kí ẹnì kan ṣoṣo máa ké fún gbogbo wọn, kí iye ìkẹyìn sì ti wà nínú ìwé ní àpò rẹ̀ kí agogo tó dún. Owó tí a ó kà ni èyí tí ó wà lọ́wọ́, kì í ṣe owó àjọ, tí í ṣe ti ẹlòmíràn. Àwọn kan wí fún wa pé ẹni tí ó bá kọ iye sílẹ̀ lè fi ẹgbẹ̀rún náírà péré pàdánù ilé bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ó yáa kọ iye tí ó jẹ́ pé bí ẹlòmíràn bá fi ẹgbẹ̀rún náírà kọjá rẹ̀, òun yóò lè sùn lóru ọjọ́ náà.

A ti tún rí ìwé ìkéde mìíràn lára ògiri ilé kan, tí kò jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ilé náà yóò pàdé ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ ní pálọ̀ Àǹtí wọn àgbà. A ti bẹ àkọ́bí wọn pé kí ó mú ìwé àti gègé lọ, kí ó sì jókòó ti àbúrò rẹ̀.