Pápá Ọkọ̀ Òfurufú Holme

Nígbà ogun Hitila, ní 1941, wọ́n la pápá ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù sí àárín oko ní Holme-on-Spalding-Moor, ní Yorkshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1943 ni ẹgbẹ́ ológun 76 ti ń gbéra níbẹ̀ lóru lọ sí Jámánì, ènìyàn méje nínú ọkọ̀ Halifax kan. Ọ̀pọ̀ ni kò padà bọ̀.

Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà, bá wọn fò; òun ni ó ń bójú tó wáyálẹ́ẹ̀sì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi orúkọ “Ọmọba Dúdú” sọ ọkọ̀ wọn nítorí rẹ̀, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ DFC. Bẹ́ẹ̀ sì ni, títí di 1939, aláwọ̀ funfun nìkan ni òfin gbà láyè láti di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ náà!

Àwa ń bi ẹ̀yin olùkọ́ léèrè: ọmọ ilé-ìwé yín mélòó ni ó mọ orúkọ yìí?